Ẹni Tó Ṣílẹ̀kùn Tí Wọn Kò Jẹ́ Kó Wọlé: Stephen Keshi Láti Agbábọ́ọ̀lù Dé Akọ́nimọ̀ọ́gbá

Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ikọ̀ Super Eagles ti Nàìjíríà pàdé ikọ̀ Mẹ́síkò ní pápá ìṣeré Reliant ní ìlú Houston, wọ́n sì gbá ọ̀mì, góòlù méjì sí méjì. Fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Energy Corridor, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà, àǹfààní ni ó jẹ́ láti fi ojú ara wọn rí Stephen Keshi, ẹni tó darí ikọ̀ wọn gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kejì ọdún náà. Ní agbègbè yìí, tí mo ti ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, àwọn ènìyàn mọ ohun tí kọ́ńtíráàtì túmọ̀ sí: ẹni tó gbẹ́ kànga epo lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí epo bá ń ṣàn. Ojú yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi wo ìtàn Keshi.

Ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1962 ni a bí i ní Azare, ní àríwá Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Illah, ní ibi tí à ń pè ní Ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ni àwọn òbí rẹ̀. Èkó ló ti kàwé, ní St. Finbarr's ní Akoka. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ACB ní Èkó kí ó tó lọ sí New Nigeria Bank ní ìlú Benin. Ní ọdún 1985 ni àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà fi òfin dè é pé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ fún ìgbà kan. Ìyà yẹn ló sọ ọ́ di arìnrìn-àjò. Ó kọjá sí Abidjan, ó gbá fún Stade d'Abidjan àti Africa Sports, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí Lokeren ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì dé Anderlecht ní 1987. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà tó tẹ̀lé e lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù ló kà á sí ẹni tó la ọ̀nà náà fún wọn. Ní 1994, òun ni balógun ikọ̀ tó gba ife Áfíríkà ní Tunis, tó sì mú Nàìjíríà dé Ife Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Amẹ́ríkà níhìn-ín.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kò rọgbọ bẹ́ẹ̀. Ní 2001, Shaibu Amodu, pẹ̀lú Keshi gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀, rí i dájú pé Nàìjíríà yóò lọ sí Ife Àgbáyé 2002. Ìdíje Áfíríkà ní Mali, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, ló ba nǹkan jẹ́: ipò kẹta ni ikọ̀ náà wà, àjọ sì lé àwọn méjèèjì. Olóyè Adégbóyè Onígbìndé ni wọ́n pè, ẹni tí Keshi ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà gba ipò kejì ní Abidjan ní 1984. Àwa Yorùbá a máa fi ọmọ Modákẹ́kẹ́ yìí yangàn pé òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ikọ̀ wa ní Ife Àgbáyé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òpìtàn gbọ́dọ̀ fi ìdajì yòókù kún un: àwọn ẹlòmíràn ló ṣí ìlẹ̀kùn tí ó gbà wọlé.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba àlàyé pé àwọ̀ òyìnbó nìkan ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wa. Àwọ̀ wà níbẹ̀, kò ṣeé sẹ́. Amodu tún mú Nàìjíríà yege fún Ife Àgbáyé 2010, Lars Lagerbäck ará Sweden ni ó sì kó ikọ̀ náà lọ. Àmọ́ ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ ka akọ́nimọ̀ọ́gbá sí agbaṣẹ́ṣe lásán, ẹni tí a lè san owó fún (tàbí kí a má tilẹ̀ san án fún oṣù púpọ̀) kí a sì ní kó máa lọ.

Tógò ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jùlọ. Keshi gba ikọ̀ náà ní 2004. Kò sí ẹni tó retí pé wọn yóò borí Senegal, tó ti dé ìpele kọta-fáínà ní Ife Àgbáyé 2002. Ọdún 2005 pàápàá le fún orílẹ̀-èdè náà: Ààrẹ Eyadéma kú ní oṣù kejì, rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ sí Benin àti Ghana. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Tógò na Congo ní góòlù mẹ́ta sí méjì ní Brazzaville, wọ́n sì yege fún ìgbà àkọ́kọ́. Emmanuel Adebayor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà ṣùgbọ́n tí a bí sí Lomé, ló gbá góòlù 11 nínú ìdíje ìyege yẹn. Bàyìí ni ọmọ Illah àti ọmọ Yorùbá pàdé lábẹ́ àsíá tí kì í ṣe ti Nàìjíríà. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Yorùbá Tógò kì í sábà kọjá Atakpamé, ó sì yẹ kí wọ́n wo pápá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Oyin náà kò pẹ́ lẹ́nu. Ní ìdíje Áfíríkà ní Íjíbítì, ní oṣù Kìíní 2006, Tógò pàdánù gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìròyìn aáwọ̀ láàárín Keshi àti Adebayor sì gba ìgboro kan. Wọ́n yọ Keshi, wọ́n sì fi Otto Pfister ará Jámánì rọ́pò rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni Tógò pàdánù ní Jámánì.

Ó lọ sí Mali, wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ náà lẹ́yìn ìdíje Áfíríkà 2010. Nígbà tí Nàìjíríà pè é ní 2011, ó ti mọ ohun tí yóò ṣe. Ó fi àwọn gbajúmọ̀ bíi Obafemi Martins àti Peter Odemwingie sílẹ̀, ó mú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, bíi Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars ní Àkúrẹ́ àti Sunday Mba. Góòlù Mba kan ṣoṣo ló borí Burkina Faso ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2013. Yàtọ̀ sí Mahmoud El Gohary ti Íjíbítì, kò tíì sí ẹlòmíràn tó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà. Ọjọ́ kejì ni Keshi kéde pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ kó padà.

Ní Brazil ní 2014 ni ó wá wọ ilé tó ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nàìjíríà dé ìpele ikọ̀ 16, Faransé ló sì dá wọn dúró ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àjọ tún yọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ní 2014 àti ní 2015. Aya rẹ̀, Kate, kú ní oṣù Kejìlá 2015. Keshi fúnra rẹ̀ kú ní ìlú Benin ní oṣù Kẹfà 2016, ní ẹni ọdún 54. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní ìlú kan náà, Shaibu Amodu kú.