Láti Orí Kòkó dé Orí Epo Rọ̀bì: Níbo Ni Owó Náà Ń Lọ?

Mápó kò jìnnà sí Òkè Padre tí mò ń gbé. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1968, ibẹ̀ ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà rọ́ lọ láti kọ owó orí tó ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá bàbá mi. Títí ó fi papò dà, ìbéèrè kan ni ó máa ń bi wá: níbo ni owó kòkó lọ?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Àjọ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa ra kòkó ni ó ń dá iye lé e, iye náà kì í sì í tó èyí tí àwọn òyìnbó ń rà á lọ́jà àgbáyé. Èlé orí rẹ̀ bọ́ sí àpò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ibẹ̀ ni owó ti jáde fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955, tí a sì tún rí Ilé Kòkó tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1965. Iṣẹ́ ribiribi ni, n kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àgbẹ̀ ni a ti gbé ẹrù náà. Ìgbà tí ìbọn dún ni ìjọba tó dín owó orí kù sí pọ́n-ùn 2, ní ọdún 1969.

Àwọn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ fẹ́ràn òfin pé ibi tí ọrọ̀ ti wá ni owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí. Kòkó ló wà lọ́wọ́ wa nígbà náà. Nígbà tí wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní ọdún 1956, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sókè òkun ní 1958, irú òfin kan náà ló wà nílẹ̀: ìwé òfin ọdún 1963 fún ẹkùn tó ni ilẹ̀ ní ìdajì owó tí àwọn tó ń wa epo bá san.

Ológun ni ó yí i padà. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967, Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, ó sì gé púpọ̀ nínú ilẹ̀ olépo kúrò lára ẹkùn Ìlà-Oòrùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni Ojukwu kéde Biafra. Epo nìkan kọ́ ló fa ogun náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀. Ogun kò tíì parí tí òfin ọdún 1969 fi sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni gbogbo epo inú ilẹ̀. Ìdajì di 45 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 1970, ó sì ń wálẹ̀ bọ̀, kí ìwé òfin ọdún 1999 tó dá a dúró sí 13 ó kéré tán. Ṣé bí ó bá jẹ́ kòkó ni, àwa ìbá gbà?

Òṣèlú yìí kan náà ló mú ìjọba Ọbásanjọ́ gba ìpín BP ní ọdún 1979, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun tó ń jọba lé àwọn ènìyàn dúdú lórí ní gúúsù Áfíríkà. Inú mi dùn sí ìyẹn, n kò purọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan tí kò tó náírà 200 fò kọjá náírà 480. Lórí ìlà ilé epo ní àdúgbò wa, ọlọ́kadà kan tí mo bá níbẹ̀ bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, níbo gan-an ni owó epo ń lọ?” Bàbá àgbà ni mo rántí. Ìlà sún síwájú díẹ̀, ó sì ti ọ̀kadà rẹ̀ lọ.