Ìtàn Tí Díìsìkì Tòkunbọ̀ Ń Rù: Àyẹ̀wò Windows Tí Ó Kọ̀ Láti Wọlé, ní Agosasa àti Agbègbè Ẹnubodè Ìpókíá

Èrò tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni pé díìsìkì dára tàbí kí ó ti kú, kò sí ohun mìíràn láàárín. Bí atúnṣe bá ń fi Windows mìíràn sí i, tí iṣẹ́ náà sì dúró lágbedeméjì, ẹni tí ó ni ín yóò ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, tàbí kí ó ní atúnṣe kò mọṣẹ́. Àpilẹ̀kọ yìí tako èrò méjèèjì. Ohun tí ó ń gbé kalẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rí ìtàn ni irú ìkọ̀sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́: díìsìkì ń sọ ibi tí ó ti wà, iṣẹ́ tí ó ti ṣe, àti ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá. Atúnṣe tí kò bá ka ẹ̀rí yìí yóò máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, owó oníbàárà ni yóò sì fi ṣe é.

Agosasa wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìpókíá, ní ilẹ̀ àwọn Ànàgó, níbi tí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kò ti jìnnà. Àdéhùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ní oṣù August 1889 ni ó fi ààlà sáàárín àwọn ènìyàn kan náà. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju gbé jáde ní 1976 ti tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, kò sì sí ìdí láti tún un sọ níhìn-ín, àfi èyí nìkan: kí ààlà tó wà, òwò lásán ni ohun tí a wá ń pè ní fàyàwọ́ lónìí. Ọ̀nà méjì ni ọjà tòkunbọ̀ fi ń wọ irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan gba èbúté Èkó àti ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà; èkejì gba Kùtọnù. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀ pa ní August 2019, ọ̀nà kejì há. Ó di 2022 kí ìjọba tó kéde pé kí Ìdí-Ìrókò ṣí padà.

Bí ọjà náà ti pọ̀ tó kì í ṣe àfẹnusọ. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí Èkó. Wọ́n ní nǹkan bí kọ̀ńténà 500 ni ó ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé lóṣooṣù, àti pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò fúnra wọn ti wí, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò ṣeé lò, tí kò sì ṣeé tà. Ìwádìí mìíràn tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ilé-iṣẹ́ Àdéhùn Basel tí ó wà ní Ìbàdàn ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé ẹrù oníná tí a ti lò tí ń wọlé lọ́dún tó tọ́ọ̀nù 60,000, àti pé inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ sí. Èyí túmọ̀ sí pé díìsìkì lè rìn láti Yúróòpù dé ilẹ̀ yìí lábẹ́ àga ọkọ̀, láìsí ìwé kankan tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí kò sí ìwé, ara díìsìkì nìkan ni ìwé.

Ẹ̀rí tí ó kọ́kọ́ yẹ ní kíkà ni àkọsílẹ̀ bí wọ́n ti ṣe pín in. Ní March 1983 ni IBM gbé kọ̀ǹpútà PC XT jáde, tí díìsìkì rẹ̀ gba mẹ́gábáìtì 10 péré. DOS 2.0 tí ó bá a jáde ni ó mú ètò kan wá, nínú èyí tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ lórí díìsìkì, báìtì 512, ń sọ bí ìyókù ti pín, ìpín mẹ́rin ó pọ̀ jù. Ètò yìí, tí wọ́n ń pè ní MBR, kò lè ṣàkọsílẹ̀ díìsìkì tí ó bá kọjá térábáìtì 2. Nítorí náà ni ètò GPT ṣe dé, pẹ̀lú UEFI, ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń jí. Láti 2012 tí Windows 8 ti jáde, GPT ni ó gba orí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun. Wàyí o, bí díìsìkì kan bá jáde láti ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn 2012, tí wọ́n sì ki í bọ inú kọ̀ǹpútà 2008 tí kò mọ̀ ju ọ̀nà àtijọ́ lọ, Windows yóò sọ gbangba pé òun kò lè wọ orí díìsìkì yìí nítorí pé GPT ni. Oníbàárà gbọ́ "kò lè wọlé", kò gbọ́ "nítorí". Ohunkóhun kò bàjẹ́ níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá mọ ọ̀nà méjèèjì, kí atúnṣe fi ọ̀nà tí ó bá díìsìkì mu jí i. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó fi àṣẹ "clean" nínú diskpart pa ìpín àtijọ́ rẹ́, kí Windows tún un pín.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń pa ìbẹ̀rẹ̀ díìsìkì nìkan rẹ́, tí ó sì ń yà wọ́n lẹ́nu pé ìpín àtijọ́ tún yọjú. GPT ní ẹ̀dà kejì ní ìparí díìsìkì. Ó dà bí ìgbà tí ajẹ́lẹ̀ bá dáná sun fáìlì ní ọ́fíìsì rẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ilé àkójọpọ̀ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. (Ọ̀rọ̀ "pín" lè fa ènìyàn láti fi díìsìkì wé ilẹ̀ Ànàgó, ṣùgbọ́n àfiwé náà kò lọ jìnnà, nítorí àṣẹ kan péré ni ó ń pa ìpín díìsìkì rẹ́.)

Ẹ̀rí kejì le ju èyí lọ. Díìsìkì fúnra rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ kan, SMART, tí ń ka wákàtí tí iná ti wà lára rẹ̀ àti iye ẹ̀ka tí ó ti kú tí ó sì fi àfipamọ́ rọ́pò. Wákàtí 8,760 ni ó wà nínú ọdún kan. Díìsìkì tí ó bá ka wákàtí 30,000 ti ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́ta lọ bí wọn kò bá pa á rárá, ohunkóhun tí ẹni tí ó tà á ìbáà sọ. Ní ọjà, àyẹ̀wò kò ju kí wọ́n tàn án, kí àwòrán yọ, kí owó sì yí ọwọ́ padà. Fífi Windows sí i lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò kọ nǹkan rẹpẹtẹ sórí rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kúrò ní òkè òkun. Níbẹ̀ ni ẹ̀ka tí ó ti kú ti ń fara hàn, tí iṣẹ́ sì ń dúró ní ojú kan náà nígbà gbogbo. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2011 lórí ẹrù oníná fàyè gba tòkunbọ̀ tí ń ṣiṣẹ́, ó sì ka èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ léèwọ̀. Irú díìsìkì báyìí ń ṣiṣẹ́ lójú aṣọ́bodè, kò sì ṣiṣẹ́ lójú atúnṣe.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dá ẹjọ́. Ráàmù tí ó ní àbùkù, okùn díìsìkì tí kò dì mọ́ra, tàbí fúláàṣì tí wọ́n kó Windows sí láìpé lè mú kí iṣẹ́ dúró gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀. Fúláàṣì mìíràn àti okùn mìíràn ni kí atúnṣe kọ́kọ́ dán wò. Àkọsílẹ̀ SMART náà ṣeé yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìròyìn jáde ní Jámánì pé wọ́n ń ta díìsìkì Seagate tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí bí ẹni pé tuntun ni. Wọ́n ti pa iye wákàtí inú SMART rẹ́, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ mìíràn tí ilé-iṣẹ́ náà ń pè ní FARM ṣì mú un dání, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú.

Ti ẹ̀kẹta kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí olówó àkọ́kọ́ bá fi ọ̀rọ̀ ìwọlé ti ara díìsìkì, díìsìkì kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kà á tàbí kọ ọ́, fọ́máàtì lásán kò sì lè ṣí i. Kí wọ́n dá a padà fún ẹni tí ó tà á ni ó tọ́.

Ọ̀ràn kan ṣẹ́kù, tí àwọn atúnṣe kì í sábà bá oníbàárà sọ. Àṣẹ "clean" ń pa ìpín rẹ́, kò pa ohun tí ó wà nínú ìpín. "Clean all" ni ó ń fi òfo kọ gbogbo ẹ̀ka, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí díìsìkì ńlá. Bí iná bá lọ lágbedeméjì, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí. Èyí yá ni ọ̀pọ̀ ń ṣe. Àwọn olùwádìí 2005 ra díìsìkì ní Èkó, wọ́n sì bá ìwé àdáni àwọn olówó àtijọ́ lórí wọn. Ohun kan náà lè wà lábẹ́ Windows tuntun tí atúnṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí kọ̀ǹpútà ní Agosasa.