Ta Ni Ó Ni Àká? Ìtàn Ìwé Ara-Ẹni Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan gbogbo ẹni tí ó ń kọ̀wé: níbo ni ọ̀rọ̀ wa ń gbé lẹ́yìn tí a bá ti kọ ọ́ tán?

Ní 1859, Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, ojú ẹlẹ́rọ ni yóò máa wò. Nígbà tí Tim Berners-Lee gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní CERN ní 1989, tí ojú-ewé àkọ́kọ́ sì jáde ní 1991, ó dà bí ẹni pé ìwojú-ẹlẹ́rọ ti dópin. Fáìlì lásán ni ojú-ewé náà: ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò gbé e fún un bí ó ti wà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣelàágùn ni láti fi ọwọ́ kọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn ètò bíi Blogger fi jáde ní 1999, Movable Type ní 2001, àti WordPress ní 2003. Ní ti WordPress, inú àká kan ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbà tí àlejò bá kan ilẹ̀kùn ni ètò náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ to ojú-ewé fún un. Ó rọ òǹkọ̀wé lọ́rùn, ṣùgbọ́n àká ń fẹ́ olùṣọ́, ètò ń fẹ́ àtúnṣe lemọ́lemọ́ kí olè má baà wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kúkú fa iṣẹ́ wọn lé ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ a sì máa tìlẹ̀kùn: Yahoo ra GeoCities ní 1999, ó sì tì í ní Amẹ́ríkà ní 2009. Bí kì í bá ṣe àwọn tí ó sáré dà á kọ, gbogbo rẹ̀ ni ì bá parun.

Èmi náà jẹ nínú ìyà yìí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ àròkọ lórí ìtàn àwọn ìlú wa sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wá a tì. Ìwọ̀nba tí mo ti tẹ̀ sórí pépà nìkan ni mo rí kó. Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀: mo kó iṣu mi sí àká ẹlòmíràn, n kò sì fi ẹyọ kan pamọ́ sílé.

Ní 2008, Tom Preston-Werner gbé Jekyll jáde. Hugo tẹ̀ lé e ní 2013. Òǹkọ̀wé yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán pẹ̀lú àwọn àmì Markdown tí John Gruber gbé jáde ní 2004. Ètò náà yóò pa ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ àwòṣe, yóò sì to gbogbo ojú-ewé lẹ́ẹ̀kan náà, kí àlejò tó dé. Kò sí àká tí a ó máa ṣọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá Hugo jà. Àwọn fáìlì àtijọ́ mi kò sí ní UTF-8, ọ̀nà ìfi-lẹ́tà-pamọ́ tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992. Àmì ìbéèrè ni ó gba ipò àwọn lẹ́tà mi. Ẹ má fojú kéré èyí: lẹ́tà ẹ́ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ẹ àti àmì ohùn ni a ń tò pọ̀. Bí àmì bá sì bọ́, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀kan náà.

Àwọn kan yóò ní kọ̀ǹpútà tí ó ń gbé ojú-ewé mi síta, ti ilé-iṣẹ́ kan náà ni. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí onílé bá lé mi lónìí, ẹrù mi pé lọ́wọ́ mi. Mo lè kó o lọ sílé mìíràn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Rògbòdìyàn Ìfọ́lé ní 1867 ni ó fòpin sí Ìwé Ìròyìn. Síbẹ̀ a ṣì ń kà á, nítorí ẹ̀dà rẹ̀ ti tàn kálẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tiwa náà wà lọ́wọ́ wa.