Ọkọ̀ Onígbòkun ní Èbúté Makòko

Bí a bá ń sọ ìtàn èbúté Èkó, ọkọ̀ ńláńlá àwọn òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. A kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ará wa rántí pé fún ọdún pípẹ́ ni yanrìn tí ó dí ẹnu òkun Èkó kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Forcados, ní ìhà Wari, ni wọ́n ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé e wá. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ògiri òkúta sínú òkun, ní 1914, ni ọkọ̀ òkun ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Ní gbogbo àkókò náà, ọkọ̀ onígbòkun àwọn Ègùn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Inú ọ̀sà ni ó ń gbà.

Láti Àjàṣẹ́ dé Àgbádárìgì, láti Àgbádárìgì dé Èkó, omi kan náà ni ó ń bá etí òkun lọ gbọọrọ. Ẹni tí ó mọ afẹ́fẹ́ kì í fi agbára ṣòfò lórí rẹ̀. Ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́ láti ojú òkun wá. Ọkọ̀ tí ń bọ̀ ní Èkó yóò ta ìgbòkun, atukọ̀ yóò sì jókòó sí ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ kan ṣoṣo tí ó fi ń tọ́ ọ. Àbọ̀ ni iṣẹ́ wà: ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ padà, àfi bí wọ́n bá jí lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti orí ilẹ̀ wá. Ìgbòkun náà kì í ṣe aṣọ olówó iyebíye. Àpò ìyẹ̀fun àti àpò ìrẹsì ni wọ́n rán pọ̀, àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀.

Báyìí ni àwọn apẹja ṣe ń dé Makòko láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Omi ibẹ̀ kò jìn, òpó ilé sì lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ náà wá láti ìhà ìlà-oòrùn. Bí ìgbòkun bá ti yọ lókèèrè, àwọn obìnrin a gbé ọkọ̀ kékeré lọ pàdé rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò yan ẹja. (Ìkíni àti ìnájà kì í jìnnà síra ní ìlú wa.) “Kúabọ̀” ni Ègùn ń wí, “Káàbọ̀” ni Yorùbá ń wí, ẹni tí ó bá gbọ́ méjèèjì kò ní bèèrè bóyá àwọn méjèèjì ti pàdé rí. Láti ibẹ̀, ẹja di ti ààrò, ó di ti ọjà Aṣejèrè.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìwé àdéhùn pín ilẹ̀ náà. Àjàṣẹ́ bọ́ sí apá kan, Àgbádárìgì sí apá kejì. Ọkọ̀ kò yéé lọ, kò yéé bọ̀. Nítorí náà ni a fi rí ilé ẹ̀kọ́ ní Makòko tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kọ́ ọmọ, tí àlejò sì ń yà á lẹ́nu.

Ẹ́ńjìnnì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n parí afárá kẹta ní 1990, àwọn tí ń gba orí rẹ̀ kọjá ṣì ń rí ìgbòkun àwọn oníyanrìn nísàlẹ̀.

Ní oṣù Keje 2012, ìwé dé pé kí àwọn ará orí omi kó kúrò láàárín wákàtí 72. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀mí àgbà ìlú kan sì bá a lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń bi wá pé níbo ni ìwé ilẹ̀ wà. Ta ni í gba ìwé lórí omi? Ojú ibi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, àti ìdílé tí ó ni ín, ni ẹ̀rí tí àwọn baba wa mọ̀. Àwọn àgbà tí ó lè ka wọ́n lẹ́sẹẹsẹ kò pọ̀ mọ́. A bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n lọ bá wọn, kí wọ́n kọ orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí a tó tẹ ìwé ọdún tí ń bọ̀.