Ìbọn Iva Valley, 1949: Ẹ̀rí tí Èérún Ẹ̀tù Lè Jẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kò sí aṣegbé, àṣepamọ́ ni ó wà. Bí ìbọn bá dún tí ènìyàn sì kú, ẹni tí ó yìn ín lè wí pé òkú náà ni ó fẹ́ kọlu òun. Aṣọ òkú lè jẹ́rìí gbè é, ó sì lè takò ó. Irú àríyànjiyàn báyìí ni ó délẹ̀ ní Enugu ní 1949.

Èédú abẹ́ ilẹ̀ ni ó sọ Enugu di ìlú ńlá. Ní 1909 ni wọ́n rí i ní agbègbè Údí, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1915. Bí òṣìṣẹ́ ti ń ya wọlé ni àdúgbò ń pọ̀ sí i, títí kan Ogui New Layout, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára Ogui, ìlú àtijọ́ tí ó ni ilẹ̀ ibẹ̀. Iva Valley wà ní ẹsẹ̀ òkè, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú náà.

Ní Oṣù Kọkànlá 1949, àwọn awakùsà dẹwọ́ iṣẹ́ nítorí owó tí wọ́n ní wọ́n jẹ àwọn. Ìjọba bẹ̀rù pé ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń fọ́ èédú lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajìjàgbara, ó sì rán ọlọ́pàá láti kó o kúrò. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà, ọ̀gá ọlọ́pàá, F. S. Philip, pàṣẹ ìbọn. Awakùsà 21 kú, 51 sì fara gbọgbẹ́. Philip ní òun bẹ̀rù pé èrò náà yóò bo àwọn ọlọ́pàá mọ́lẹ̀. Àwọn awakùsà ní àwọn kò gbé ohun ìjà.

Sir William Fitzgerald ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ ìwádìí. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ẹni tí ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Adájọ́ Àgbà ní 1958, wà nínú rẹ̀. Ní 1950, ìgbìmọ̀ náà ní Philip ṣe àṣìṣe nínú ìpinnu rẹ̀, ó sì dá ìjọba lẹ́bi pé ó sọ ìjà owó iṣẹ́ di ọ̀rọ̀ òṣèlú.

Ohun tí ó wà ní ọkàn Philip ni ìdájọ́ yìí dá lé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí kì í ṣe ti ọkàn: báwo ni àwọn awakùsà ti súnmọ́ ẹnu ìbọn tó?

Ọta nìkan kọ́ ni ó ń jáde lẹ́nu ìbọn. Iná, èéfín, èérún ẹ̀tù tí kò jóná tán, àti ẹ̀kúnná òjé, barium àti antimony a máa bá a jáde. Bí ẹnu ìbọn bá kan ara, inú ọgbẹ́ ni wọ́n ń wọ̀. Bí kò bá ju nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, èéfín a pa aṣọ dúdú yí ihò ọta ká. Títí dé nǹkan bíi mítà kan, èérún ẹ̀tù a máa fín awọ ara bí abẹ́rẹ́. Bí ó ti ń jìnnà sí i ni àmì náà ń gbòòrò. Ìwọ̀n yìí a máa yàtọ̀ láti ìbọn dé ìbọn. Nítorí náà, olùwádìí gbọ́dọ̀ fi ìbọn kan náà àti irú ọta kan náà yin aṣọ funfun láti ibi tí ó ti wọ̀n, kí ó tó fi í wé aṣọ òkú.

Ní 1933, Teodoro González ní Mexico gbé ọ̀nà mìíràn jáde: a ó da ìda yíyọ́ sí ọwọ́ ẹni tí a fura sí. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ àti tábà pẹ̀lú a máa fi àmì kan náà hàn. Láàárín awakùsà, ewu rẹ̀ pọ̀ jù: ẹni tí ń lo ohun abúgbàù lójoojúmọ́ lè ní àmì náà lọ́wọ́ láìfọwọ́ kan ìbọn rí.

Ìmọ̀ yìí ní ààlà. Ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tàbí àádọ́ta, ihò ọta nìkan ni ó ń kù. Síbẹ̀, àìsí èéfín náà ń sọ̀rọ̀: bí aṣọ òkè bá mọ́ yí ihò ọta ká, ó ṣòro láti gbà pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti di ẹnu ìbọn mú. Bí wọ́n bá sì fọ aṣọ náà, tàbí tí wọ́n sin ín mọ́ òkú, ẹ̀rí náà ti bọ́. Nítorí èyí ni aṣọ àwọn tí ọta ìjọba bá pa fi yẹ ní títọ́jú bí a ti ń tọ́jú ìwé ìtàn.