Ta Ló Ń Bá Ìyá Wo Ọmọ? Ìtàn Ìtọ́jú Ọmọdé nínú Ilé Yorùbá láti Ayé Agbo Ilé títí di Òní

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ nínú ìjábọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń kọ bí wọ́n bá ti ibi ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ dé. Wọ́n á ní ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kò mọ àgbà kí, kò lè ka oókan dé ẹẹ́wàá ní èdè abínibí rẹ̀, kò sì jẹun kí ó tó wá sílé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá fi gbólóhùn kan kádìí rẹ̀ pé àwọn ìyá òde òní kò jókòó sílé tọ́mọ mọ́ bíi ti àtijọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ àgbà, a ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù, a sì ti gbọ́ ọ ní àpérò bí irú èyí.

Ohun tí a fẹ́ bèèrè nínú bébà yìí ni pé, nígbà wo gan-an ni ìyá Yorùbá jókòó sílé? Èrò wa ni pé kò fìgbà kan jókòó. Àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń wà nílé pẹ̀lú ọmọ, àwọn wọ̀nyẹn sì ni kò sí nílé mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò kéré lójú ẹni tí ó ń kọ́ olùkọ́, nítorí pé ìyá nìkan ni a ń bá wí nítorí iṣẹ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ ẹnìkan ṣoṣo rí.

Agbo ilé àti àwọn tó wà níbẹ̀

Nígbà tí Hugh Clapperton àti Richard Lander gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé ní òpin 1825 sí 1826, ohun kan tí Clapperton kọ sílẹ̀ ni pé òun ń pàdé àwọn ayaba Aláàfin lójú ọ̀nà, tí wọ́n ru ẹrù, tí wọ́n ń ṣòwò láti ìlú dé ìlú. Bí ayaba bá ń ru ẹrù rìnrìn àjò, kí ni a ó sọ nípa ìyàwó àgbẹ̀? Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, àti N. A. Fadipe, tí ó parí iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1939 tí a kò tẹ̀ ẹ́ títí di 1970, sọ ohun tó jọra: obìnrin Yorùbá ń ran òwú, ó ń pa aró, ó ń ṣe epo, ó sì ń tajà. Ọjọ́ ọjà kì í dúró de ọmọ ọwọ́.

Ta ló wá ń wo ọmọ? Agbo ilé ni. Yàrá wẹ́wẹ́ ni a tò yí àgbàlá ká, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn sì wà níwájú wọn. Yàrá ṣókùnkùn, ibi tí a ń kó ẹrù sí tí a sì ń sùn sí ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ń gbé. Níbẹ̀ ni a ti ń jẹun, níbẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń ran òwú, níbẹ̀ náà ni ọmọ ti ń rákòrò. Baálé, àwọn ọmọ ilé àti ìyàwó wọn, àwọn opó, àwọn obìnrin tí wọ́n ti ilé ọkọ padà wá dá ilé mosú, àwọn ìwọ̀fà, àti ẹrú nígbà tí ẹrú ṣì wà, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń lo àgbàlá kan. Ọmọ tó bá sunkún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sunkún pẹ́ kí ẹnìkan tó gbé e.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wíwẹ ọmọ, nítorí ibẹ̀ ni a ti lè rí bí iṣẹ́ yìí ṣe pín. Ìyá ọkọ, tàbí ìyá ìyàwó tí ó wá bá wọn wẹ ọmọ, ló ń ṣe é fún oṣù mélòó kan. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò sì tẹ́ ọmọ lé e. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú ìkòkò, kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò fọ orí ọmọ, yóò rọra mọ ọ́n kí ó lè rí róbótó, yóò na apá, yóò ká ẹsẹ̀, yóò di ọmọ mú lápá gbé e sókè lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò bá rí i rí lè rò pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ ni. Òrí ni yóò fi pa á lára, lẹ́yìn náà ni yóò fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ ní àgbo. Rírọ ọmọ yìí ni àwọn nọ́ọ̀sì bá jà nígbà tó yá, wọ́n sì jàre, nítorí pé àgbo lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan àwa olùkọ́ èdè níbẹ̀ ni pé ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá àgbà kò dákẹ́. Ó ń ki ọmọ, ó ń pe orílẹ̀ rẹ̀, ó ń bá a ṣàwàdà, ó ń bi í ní ìbéèrè, òun náà ló sì ń dáhùn. Kí ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè, ó ti gbọ́ orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Àwọn ìyàwó ilé náà ní ọ̀nà tiwọn. Ìyàwó kì í pe ọmọ tí ó bá nílé ọkọ lórúkọ, ọmọ náà ìbáà máa rákòrò. Yóò fún un ní orúkọ àpèjẹ́: Ìdílẹ̀kẹ̀, Akọ́wé, Adúmáradán, Bàbá Kékeré. Bí ìyàwó márùn-ún bá wà nílé, ọmọ kan lè ní orúkọ márùn-ún, tí yóò sì mọ ẹni tó ń pè é láti inú orúkọ tí ó gbọ́. (Ó wù wá kí ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí ìmọ̀ èdè ọmọdé gbé èyí yẹ̀ wò.) Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni àlọ́, àpamọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, kí àpagbè tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kò tíì lè sọ ìtàn yóò máa bá wọn gbe orin rẹ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Ìyá ń fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì sí mẹ́ta, kì í sì í súnmọ́ ọkọ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. John Caldwell àti Pat Caldwell ṣe ìwádìí lórí àṣà yìí láàárín àwọn Yorùbá, wọ́n sì gbé e jáde ní 1977. Nígbà tí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí ó lè gbàgbé ọmú.

A kò sọ gbogbo èyí láti fi agbo ilé ṣe ọ̀run. Orúkọ àbíkú tó wà nílẹ̀ Yorùbá, Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́, tó láti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìyá ló sin ọmọ ju ọ̀kan lọ. Orogún tí a fi ọmọ tì lè máà fún un lóúnjẹ. Ọmọ ìwọ̀fà tí ó ń pọn ọmọ olówó kò ní ẹni tí ó ń pọn òun.

Ilé míṣọ̀n àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Nígbà tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, wọ́n fi Kúdẹtì ṣe ibùgbé, Anna sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ọmọ sílé. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, ránṣẹ́ sí wọn. Fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kì í ṣe ohun àjèjì sí Olúnlọ́yọ̀, nítorí agbo ilé ti mọ ìyẹn tipẹ́. Ohun àjèjì ibẹ̀ ni pé nínú ilé tuntun yìí, bàbá kan, ìyá kan àti ìwé ni a fi ń tọ́ ọmọ. Láti ibẹ̀ ni èrò pé ìyá rere ni ìyá tí ó dúró ti ọmọ rẹ̀ nílé ti wọ inú ìwé kíkà, ìwàásù àti ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa ìtọ́jú ilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rò pé àṣà àtijọ́ ni àwọn ń gbèjà, láìmọ̀ pé ilé míṣọ̀n ni wọ́n ń rántí.

Bí ilé ṣe rí náà yí padà. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wá, wọ́n sì ń kọ́ ilé tí yàrá rẹ̀ kọjú síra wọn, tí ọ̀nà kan la àárín rẹ̀ kọjá. Nígbà tí owó kòkó dé, àwọn ọlọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wó apá kan agbo ilé láti fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ojú ti ń rí ọmọ ti di ọ̀nà tí ènìyàn kàn ń gbà kọjá.

Ọdún 1955 àti ẹ̀gbọ́n tó ń pọn àbúrò

Ohun tí ó yí ilé padà jù lọ lójú tiwa ni ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, 1955. A ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé lórí ohun tí ètò yìí ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́; èyí tí a kọ lórí ohun tí ó ṣe fún ilé kò tó nǹkan. Nǹkan bí 457,000 ọmọ ló wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ní 1955, wọ́n lé ní 811,000. Kí gbogbo wa ro ohun tí èyí túmọ̀ sí ní àgbàlá ilé ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá ni àwọn wọ̀nyí, ẹgbẹ́ àwọn tí ó ń pọn àbúrò gan-an, tí ń bu ẹ̀kọ fún un, tí ń gbé e tẹ̀ lé ìyá lọ sí ọjà kí ó lè mu ọmú. Láàárín oṣù kan ṣoṣo, wọ́n kúrò nílé. Èrè rẹ̀ pọ̀ kọjá àfẹnusọ, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jókòó síbí ló sì jẹ́ ọmọ àwọn tó jàǹfààní rẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ìjọba rán wá láti dípò ẹ̀gbọ́n tó lọ. Ìyá àti ìyá àgbà ni wọ́n pín iṣẹ́ náà mọ́ra wọn, àwọn mìíràn sì lọ mú ọmọ ọ̀dọ̀ wá láti abúlé.

Ní àkókò yẹn kan náà, Dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ìbílẹ̀ dá kílíníìkì sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fàmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ọwọ́ ìyá ni káàdì náà sì ń gbé, kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò mọ̀wé lè wo ìlà tó ń gòkè, kí ó mọ̀ pé ọmọ òun ń dàgbà. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn ká gbogbo ayé báyìí. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé Morley kò sọ fún obìnrin Ìmẹ̀sí-Ilé pé kí ó fi ọjà sílẹ̀. Ó wo bí ilé ṣe rí, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bá a mu.

Ilé Yorùbá ní ìlú tí a kò ti ń sọ Yorùbá

Láti ìgbà tí ojú irin ti so Èkó mọ́ Kánò ní nǹkan bí 1912 ni àwọn Yorùbá ti ń lọ tẹ̀dó sí Sábọ́n Gàrí àti Jọ́ọ̀sì, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe fún ọmọ ni pé wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sílé sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí ó lè gbọ́ èdè kí ó sì mọ ẹbí. Nípa bẹ́ẹ̀, agbo ilé ṣì ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ máìlì jìnnà sí ìyá. Èyí ti ń dínkù. Ìyá àgbà tí à bá fi ọmọ ránṣẹ́ sí náà ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tàbí kí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ń bá ọmọ mìíràn wo ọmọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìlànà ìjọba. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, àyọrísí rẹ̀ sì dára. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti ilé tí Yorùbá kún inú rẹ̀ wá. Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti 1977 ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ti 2022 sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ti 2022, ó ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa bínú sí èyí, àwa náà bínú. Ṣùgbọ́n àti àwọn tó kọ ìlànà, àti àwọn tó fagi lé e, kò sí èyí tó bèèrè ẹni tí ó wà nílé pẹ̀lú ọmọ ní agogo méjì ọ̀sán, àti èdè tí ẹni náà ń sọ. Níbi tí ẹni tó ń wo ọmọ Yorùbá bá ti jẹ́ Haúsá tàbí Nupe, èdè ẹni yẹn ni ọmọ yóò kọ́kọ́ gbọ́ jù. Kò burú rárá kí ọmọ gbọ́ Haúsá. Èyí tó ń kó ìdààmú bá wa ni ti ọmọ tí kò ní ẹni tó ń bá a sọ èdè kankan, tí tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù nìkan ń bá a sọ̀rọ̀ títí ìyá yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé.

Nítorí náà ni a ṣe dá a lábàá ní ẹ̀ka wa pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ fún ìdánrawò má kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ìyá ọmọ kí ó tó bèèrè nǹkan mẹ́rin: ta ló wẹ ọmọ yìí láàárọ̀, ta ló fún un lóúnjẹ, ọwọ́ ta ni ó bọ́ sí bí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, èdè wo sì ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ kí ó tó sùn. Lára ìdáhùn tí wọ́n ti mú bọ̀ ni ti ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin kan tí ìyá rẹ̀ ń dín àkàrà ní ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Agogo mẹ́rin ìdájí ni ìyá yìí ń jí lọ ẹ̀wà. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń wẹ̀ ẹ́, ló ń wọṣọ fún un, ló sì ń pọ̀n ọ́n wá. Ìwé wíwọlé ilé-ẹ̀kọ́ fi hàn pé ẹ̀gbọ́n yìí máa ń pẹ́ dé lójoojúmọ́, ìyà sì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ fún un.