Ilé Ìtura

Ilé ìtura, tí a tún ń pè ní òtẹ́ẹ̀lì, ni ilé tí arìnrìn-àjò ti ń sanwó sùn. Láti ara "tu" àti "ara" ni "ìtura" ti wá, ìyẹn ni pé kí àárẹ̀ kúrò lára. Ó yàtọ̀ sí gbígbàlejò, èyí tí kì í ṣe òwò, irú èyí tí Obi Akazua, ọba Onitsha, ṣe fún àwọn míṣọ́nnárì Àjàyí Crowther àti John Christopher Taylor ní ìlú rẹ̀ ní 1857. Ó tún yàtọ̀ sí ilé ìsinmi ìjọba, tí àwọn amúnisìn kọ́ fún òṣìṣẹ́ wọn tó wà lẹ́nu ìrìn-àjò. Kì í ṣe gbogbo ilé ìtura ni a kọ́ fún òwò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀: ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ àwọn ọlọ́lá ti di ilé ìtura olówó ńlá, níbi tí ìtàn ilé náà ti jẹ́ apá kan ohun tí àlejò ń sanwó fún.